Ta ló máa sanwó bí ọkọ̀ Uber tàbí ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ bá gbá yín ní Amẹ́ríkà? Ìtọ́sọ́nà láti ojú títì dé ilé ẹjọ́

Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2013, ní San Francisco, awakọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ Uber gbá ìyá kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjì níbi tí wọ́n ti ń sọdá títì. Èyí tó jẹ́ obìnrin nínú àwọn ọmọ náà, ọmọ ọdún 6, kú. Uber ní awakọ̀ náà kò gbé èrò kankan lásìkò yẹn, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò kan ìnṣọ́ránsì òun. Awakọ̀ tó ti gbé èrò kan sílẹ̀, tó ń retí òmíràn, kò sí òfin kan pàtó tó sọ ẹni tó máa dáhùn fún un nígbà náà. Ilé aṣòfin California ṣe òfin lọ́dún 2014 láti dí ihò yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje 2015: ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ láti ìgbà tí awakọ̀ bá ti tan áàpù.

Nínú ìjàǹbá ọkọ̀ tó wọ́pọ̀, ohun tí lọ́yà máa kọ́kọ́ bi yín ni pé ta ló ń wakọ̀. Tó bá ti kan Uber, Lyft (áàpù bíi Uber), Waymo (ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀) tàbí Tesla tó wà lórí Autopilot (ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń bá awakọ̀ darí ọkọ̀), ìbéèrè náà di méjì. Ọwọ́ ta ni ọkọ̀ náà wà ní ìṣẹ́jú tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀? Ibo sì ni àkọsílẹ̀ ìṣẹ́jú yẹn wà báyìí? Ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́ ló ń sọ ẹni tó máa sanwó. Ìdáhùn sí èkejì ló ń sọ bóyá ẹ máa ní ohun tẹ́ ẹ máa fi gbà á. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, orí ìbéèrè méjèèjì yìí ló dúró lé.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. California ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí irú ọkọ̀ méjèèjì ti pọ̀ níbẹ̀, òfin wọn sì ti lágbára díẹ̀. Ibi tí ìpínlẹ̀ mìíràn bá ti yàtọ̀ gan-an, màá sọ. Bí ẹnì kan bá fara pa gidi tàbí tó kú, ẹ wá lọ́yà. Ohun tí ẹ bá kà níbí á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa bi í.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ohun tẹ́ ẹ máa ṣe lójú títì

Ẹ pe 911, kódà bí ẹ bá rò pé nǹkan ò ṣe yín. Ìwé tí ọlọ́pàá bá kọ ni ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa kọ́kọ́ béèrè, ibẹ̀ náà sì ni orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí máa wà.

Bí ẹ bá jẹ́ èrò nínú Uber tàbí Lyft, ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín kí ẹ tó pa áàpù náà: orúkọ awakọ̀, nọ́ńbà ọkọ̀, ibi tí máàpù ní ẹ wà, àti aago. Bí ọkọ̀ náà bá gbá yín láti ìta, ẹ wo gíláàsì iwájú rẹ̀. Ṣé sítíkà Uber tàbí Lyft wà níbẹ̀? Ṣé fóònù tó gbé kọ́ iwájú ṣì ń fi máàpù hàn? Ẹ ya àwòrán rẹ̀. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ níwájú ọlọ́pàá pé: “Ṣé áàpù yín wà ní títàn? Ṣé ẹ ń lọ gbé ẹnì kan ni?” Ẹ bẹ ọlọ́pàá kó kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Awakọ̀ tó ń bẹ̀rù pé wọ́n máa yọ òun kúrò lórí áàpù lè yí ohùn padà lọ́jọ́ kejì.

Ní ti ọkọ̀ Waymo, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tẹ́ ẹ máa bi ní ìbéèrè. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà á máa bá yín sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀rọ inú ọkọ̀. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ wà fún un, ẹ sọ bóyá ẹnì kan fara pa, kẹ́ ẹ sì fi mọ síbẹ̀. Kámẹ́rà wà nínú ọkọ̀ náà, ó wà lára rẹ̀ níta. Ẹ kà á sí pé gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá sọ níbẹ̀ lẹ máa gbọ́ padà lọ́jọ́ kan. Ẹni tó sọ pé “kò sí nǹkan tó ṣe mí” nígbà tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, tí ọrùn rẹ̀ wá wú lọ́jọ́ kejì, ti fún wọn ní ohun tí wọ́n máa fi bá a jà. Ẹ ya àwòrán nọ́ńbà ọkọ̀ náà àti nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ kọ sí ara rẹ̀, iná ojú pópó tó wà nítòsí, ibi tí táyà dúró sí, àti ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù tí kámẹ́rà rẹ̀ kọjú síbẹ̀.

Ẹ rí dókítà lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ó ju ọ̀rọ̀ ìlera nìkan lọ. Ní Florida, bí ẹ ò bá gba ìtọ́jú láàárín ọjọ́ 14, owó ìtọ́jú tí ìnṣọ́ránsì tiyín ì bá kọ́kọ́ san láìbéèrè ẹni tó jẹ̀bi ti bọ́ nìyẹn. Ní New York, irú owó bẹ́ẹ̀ tó $50,000, ọjọ́ 30 péré lẹ sì ní láti kọ̀wé béèrè rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ irú ọkọ̀ tó gbá yín

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní SAE pín ọkọ̀ sí ìpele 6, láti 0 dé 5. Ààlà tó kàn yín jù wà láàárín ìpele 2 àti ìpele 3. Ní ìpele 2, ọkọ̀ lè máa darí ara rẹ̀, kó máa sáré, kó máa tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ni awakọ̀, ojú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lójú títì. Autopilot ti Tesla wà ní ìpele yìí. Èyí tí wọ́n ń tà fáwọn èèyàn ní Full Self-Driving náà wà níbẹ̀, ohun yòówù kí orúkọ rẹ̀ máa sọ. Ìpele 3 ni Drive Pilot ti Mercedes-Benz, tí Nevada àti California fọwọ́ sí lọ́dún 2023: ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lójú títì márosẹ̀, awakọ̀ lè gbójú kúrò, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá pè é kó padà gba iṣẹ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Waymo wà ní ìpele 4. Níbi tí wọ́n ti là á sílẹ̀ pé kó máa rìn, kò nílò ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, bí ẹni tó ni Tesla bá sọ fún ọlọ́pàá pé ọkọ̀ ló wa ara rẹ̀, kì í ṣe òun, ọ̀rọ̀ yẹn kò yọ ọ́ nínú ẹ̀bi. Ní Gardena, California, ní oṣù kejìlá 2019, Tesla kan tó wà lórí Autopilot jáde láti títì márosẹ̀, ó já iná pupa, ó sì pa èèyàn méjì nínú ọkọ̀ mìíràn. Awakọ̀ náà ni ìjọba pè lẹ́jọ́ ọ̀daràn. Ẹ̀yin tó ń fi Tesla ṣiṣẹ́ Uber tàbí Lyft, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín: ìgbà tẹ́ ẹ bá tan ẹ̀rọ yẹn tí èrò wà lẹ́yìn, ẹ̀yin ni awakọ̀ lójú òfin, látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bó bá jẹ́ Uber tàbí Lyft tí èèyàn ń wa, ẹ wá ìṣẹ́jú náà

Àwọn onínṣọ́ránsì pín iṣẹ́ awakọ̀ áàpù sí ìgbà mẹ́rin. Bí áàpù bá wà ní pípa, awakọ̀ náà kò yàtọ̀ sí ẹnikẹ́ni lójú títì, ìnṣọ́ránsì tirẹ̀ nìkan ló wà. Iye tó kéré jù tí California fàyè gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni $30,000 fún ẹnì kan tó fara pa, $60,000 fún gbogbo àwọn tó fara pa nínú ìjàǹbá kan, àti $15,000 fún ohun ìní tó bà jẹ́. Iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo lè gbé èyí mì.

Bí áàpù bá wà ní títàn tí ìpè ò tíì dé, òfin California béèrè $50,000 fún ẹnì kan, $100,000 fún gbogbo àwọn tó fara pa, $30,000 fún ohun ìní, àti $200,000 mìíràn tó máa wọlé bí ti àkọ́kọ́ ò bá tó. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn ní irú èyí, ṣùgbọ́n ti ohun ìní sábà máa ń jẹ́ $25,000, wọn kì í sì ní àfikún $200,000 yẹn. Ìgbà méjì tó kù, ìyẹn nígbà tí awakọ̀ ti gba ìpè tó ń lọ gbé èrò, àti nígbà tí èrò wà nínú ọkọ̀ títí tó fi bọ́ sílẹ̀, mílíọ̀nù kan dọ́là ni.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkọ̀ náà gbá yín ní aago 8:14 alẹ́. Bó bá jẹ́ 8:13 ni awakọ̀ gba ìpè, mílíọ̀nù kan dọ́là ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ 8:15 ni ìpè dé, ó ti di $50,000 àti àfikún rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó ti pa áàpù ní 8:12 torí pé ó rẹ̀ ẹ́, $30,000 lè jẹ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa rí. Ọkọ̀ kan náà ni, awakọ̀ kan náà ni, egungun tó kán kò yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ tẹra mọ́ àkọsílẹ̀ áàpù náà: ìgbà tí awakọ̀ wọlé, ìgbà tí ìpè dé, ìgbà tó gbà á, ìgbà tí èrò wọkọ̀, ìgbà tó sọ̀, tàbí ìgbà tí wọ́n fagi lé e. Kí lọ́yà yín béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Uber àti Lyft pọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ń tan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọsílẹ̀ kan náà yìí tún lè jẹ́ ẹ̀rí àìbìkítà: bó bá hàn pé ó tẹ fóònù láti gba ìpè ní ìṣẹ́jú àáyá tó ṣáájú kó tó gbá yín, ẹ ò nílò ẹlẹ́rìí tó dára ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀yin èrò, ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ mìíràn ló kọ lu Uber tẹ́ ẹ wà nínú rẹ̀, tí awakọ̀ ọkọ̀ yẹn ò ní ìnṣọ́ránsì tàbí tó sá lọ, ìnṣọ́ránsì ilé iṣẹ́ áàpù ní California ti máa ń dúró fún yín dé mílíọ̀nù kan dọ́là tẹ́lẹ̀. Láti 1 oṣù kìíní 2026, òfin tuntun ti dín in kù sí $60,000 fún ẹnì kan àti $300,000 fún ìjàǹbá kan. Lójú tèmi, èrò ni wọ́n fi owó yẹn rẹ́ jẹ. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni pé kẹ́ ẹ yẹ ìwé ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tiyín wò lónìí. Ibi tí wọ́n kọ “uninsured motorist” (ààbò lọ́wọ́ awakọ̀ tí kò ní ìnṣọ́ránsì) sí, kẹ́ ẹ fi owó kún un bí agbára bá ká a. Lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń ṣiṣẹ́ fún yín kódà nígbà tẹ́ ẹ bá jẹ́ èrò nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin awakọ̀ náà: ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ilé lásán sábà máa ń yọ iṣẹ́ owó sílẹ̀. Bí wọ́n bá mọ̀ pé áàpù wà ní títàn, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó. Ẹ béèrè àfikún tí wọ́n ń pè ní rideshare endorsement lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ sì gbà á ní kíkọ sílẹ̀.

Kí ló dé tí a kì í kàn pe Uber lẹ́jọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá awakọ̀? Nítorí wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2020, àwọn olùdìbò California fọwọ́ sí Proposition 22 tó ka àwọn awakọ̀ sí agbaṣẹ́ṣe tó dá dúró, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sì fìdí òfin náà múlẹ̀ ní oṣù keje 2024. Èyí kò dí ọ̀nà pátápátá. Ẹ ṣì lè sọ pé ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe àìbìkítà, bí àpẹẹrẹ pé ó fi ẹni tí àkọsílẹ̀ ìwakọ̀ rẹ̀ burú sórí áàpù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn gùn. Owó ìnṣọ́ránsì ló yá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀, ẹ ka gbogbo àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú rẹ̀

Ọ̀nà méjì ni òfin là fún yín. Èkíní ni àìbìkítà: ẹnì kan kò ṣe ohun tó yẹ kí olóye ṣe. Èkejì ni àbùkù ọjà. California ti gbà láti ọdún 1963 pé bí ọjà bá ní àbùkù tó sì ṣe èèyàn léṣe, ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa sanwó, ìbáà jẹ́ pé ó ṣọ́ra tàbí kò ṣọ́ra. Àbùkù lè wà nínú bí wọ́n ṣe kan ọkọ̀ náà, nínú bí wọ́n ṣe gbèrò rẹ̀ (sọ́fítíwíà wà níbẹ̀), tàbí nínú ìkìlọ̀ tí wọn ò ṣe fún ẹni tó rà á.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tempe, Arizona, ní 18 oṣù kẹta 2018. Obìnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá títì lálẹ́, níbi tí kò sí àmì ìsọdá. Ọkọ̀ Volvo tí Uber fi ń dán ẹ̀rọ ìwakọ̀ rẹ̀ wò ń bọ̀. Àjọ NTSB, tó ń wádìí ìjàǹbá ní Amẹ́ríkà, rí i pé ẹ̀rọ náà ti rí obìnrin yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá 5.6 kó tó gbá a. Ó kà á sí ọkọ̀, ó tún kà á sí nǹkan mìíràn, ó tún kà á sí kẹ̀kẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá yí èrò padà ló ń gbàgbé ibi tí nǹkan náà ti ń bọ̀, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò látìbẹ̀rẹ̀. Bíréèkì pàjáwìrì tí Volvo fúnra wọn ṣe sínú ọkọ̀ náà, Uber ti pa á nígbà tí ẹ̀rọ wọn bá ń wakọ̀. Obìnrin tó jókòó sídìí ọkọ̀ láti máa ṣọ́ ọ, fóònù ló ń wò.

Ta ló jẹ̀bi? NTSB mẹ́nu ba gbogbo wọn: ẹni tó ń ṣọ́ ọkọ̀, ilé iṣẹ́ tí ètò ààbò rẹ̀ kò múná dóko, ẹni tó sọdá níbi tí kò yẹ, àti ìpínlẹ̀ Arizona tí kò bójú tó ìdánwò náà dáadáa. Ní ti ọ̀daràn, ìjọba ní òun kò rí ẹ̀sùn tóun lè fi kan Uber. Ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ nìkan ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ó gbà pé òun jẹ̀bi ní 2023, wọ́n sì fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún 3. Uber ti bá àwọn mọ̀lẹ́bí olóògbé yanjú ọ̀rọ̀ owó tipẹ́. Ẹ rí i pé ilẹ̀kùn méjì ni: ẹni tí ìjọba fìyà jẹ àti ẹni tó sanwó lè má jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ má tìtorí pé ìjọba dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ kẹ́ ẹ rò pé ẹjọ́ owó tiyín ti kú.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ orúkọ sílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ ìwakọ̀ náà. Òfin Texas tiẹ̀ sọ ọ́ ní tààrà láti 2017 pé ẹni tó ni ẹ̀rọ ìwakọ̀ ni awakọ̀ lójú òfin ìrìnnà. Lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀, ilé iṣẹ́ tó kàn án, àwọn tó ń tún un ṣe tí wọ́n sì ń nu sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń ràn án lọ́wọ́ láti òkèèrè, àti awakọ̀ ọkọ̀ mìíràn tó bá wà níbẹ̀. Ẹ fi áàpù kún un: ní Austin àti Atlanta, láti 2025, èèyàn lè pe Uber kí ọkọ̀ Waymo wá gbé e. Ẹni tó fara pa nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilé iṣẹ́ méjì láti bi ní ìbéèrè, kò sì yẹ kó jẹ́ kí ọ̀kan máa tì í sí èkejì.

Ohun kan tún wà tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, àwọn ọlọ́pàá San Bruno, California, rí Waymo kan tó yí padà níbi tí òfin kò gbà. Wọ́n dá a dúró, kò sí ẹni tí wọ́n máa fún ní tíkẹ́ẹ̀tì. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2024 fún ọlọ́pàá California láṣẹ láti máa kọ ìwé àìbófinmu sí ilé iṣẹ́ náà, bẹ̀rẹ̀ láti 1 oṣù keje 2026. Bí tiyín bá ṣẹlẹ̀ níbi tí irú òfin yìí kò sí, àìsí tíkẹ́ẹ̀tì kò sọ pé ọkọ̀ náà kò jẹ̀bi.

Ní Britain, òfin 2018 ti là á pé onínṣọ́ránsì máa kọ́kọ́ san owó ẹni tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe léṣe, òun ló wá kù fún láti lépa ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ó wù mí kí Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀, torí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn kọ́ ló yẹ kó máa ṣàlàyé sọ́fítíwíà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ má jẹ́ kí àkọsílẹ̀ parẹ́

Bí ẹ ò bá lè ṣe ohun mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ṣe èyí. Kí lọ́yà yín, tàbí ẹ̀yin fúnra yín, kọ lẹ́tà sí gbogbo ilé iṣẹ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà pé wọn kò gbọ́dọ̀ pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ sí i. Ẹ dárúkọ ohun tẹ́ ẹ ń fẹ́: fídíò gbogbo kámẹ́rà nínú àti níta, àkọsílẹ̀ sẹ́ńsọ̀, irú sọ́fítíwíà tó wà lórí ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ tó wáyé láàárín ọkọ̀ àti òṣìṣẹ́ tó wà lókèèrè, àkọsílẹ̀ áàpù, àti ìwé àtúnṣe ọkọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹ máa fi rí ẹ̀rí pé wọ́n gbà á. Lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, bí nǹkan bá sọnù lọ́wọ́ wọn, adájọ́ lè fi ìyẹn dá wọn lẹ́bi.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní 2 oṣù kẹwàá 2023, ní San Francisco, awakọ̀ kan gbá obìnrin kan, ó sì sá lọ. Obìnrin náà ṣubú síwájú ọkọ̀ Cruise tí kò ní awakọ̀. Ọkọ̀ náà gbá a, ó dúró, ó tún wá gbéra láti lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú obìnrin náà lábẹ́ rẹ̀, ó sì wọ́ ọ lọ tó 20 ẹsẹ̀ bàtà. Ìròyìn tí ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ìjọba kò mẹ́nu ba wíwọ́ yẹn. Ìjọba California gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lóṣù kan náà. Ní oṣù kọkànlá 2024, Cruise gbà pé òun ti fún ìjọba àpapọ̀ ní ìròyìn tí kì í ṣe òótọ́, ó sì san owó ìtanràn $500,000. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìjọba, ẹ má retí pé wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ wá fún yín láìbéèrè.

Àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba náà, ẹ lè wò ó. Láti oṣù kẹfà 2021 ni NHTSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ààbò ojú títì, ti pàṣẹ pé kí àwọn ilé iṣẹ́ máa ròyìn ìjàǹbá tó kan ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ àti ti ìpele 2, wọ́n sì máa ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. DMV ti California, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìwé àṣẹ ọkọ̀, ní kí ilé iṣẹ́ tó ń dán irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò kọ ìròyìn láàárín ọjọ́ 10. Ẹ wá ọjọ́ àti òpópónà tiyín níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi ohun tí wọ́n kọ wé àwòrán tẹ́ ẹ yà.

Ọkọ̀ tiyín náà ní àpótí tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìjàǹbá: bí ẹ ṣe ń sáré sí, bóyá ẹ tẹ bíréèkì, sábà ní ìṣẹ́jú àáyá 5 tó ṣáájú. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 sọ pé ẹni tó ni ọkọ̀ ló ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí onínṣọ́ránsì bá ní ọkọ̀ yín ti kọjá àtúnṣe, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ palẹ̀ kí ẹnì kan tó ka àpótí yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pín ẹ̀bi níbi tẹ́ ẹ wà

Ní oṣù kẹrin 2019, ní Key Largo, Florida, ọkùnrin kan tó fi Tesla rẹ̀ sórí Autopilot bẹ̀rẹ̀ láti mú fóònù tó já bọ́. Ọkọ̀ náà kọjá ìkóríta, ó gbá ọkọ̀ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ ọdún 22 kan, ó sì ṣe ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ léṣe gidi. Awakọ̀ náà gbà pé òun jẹ̀bi. Síbẹ̀, ní 1 oṣù kẹjọ 2025, àwọn júrì (ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́ náà) ní Miami ní Tesla ní ìpín ìdá 33 nínú 100. Owó àdánù jẹ́ nǹkan bí $129 mílíọ̀nù, ìpín Tesla nínú rẹ̀ lé díẹ̀ ní $42 mílíọ̀nù. Wọ́n wá fi $200 mílíọ̀nù lé e láti fìyà jẹ ilé iṣẹ́ náà. Tesla ní òun máa pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ohun tó gbé ẹjọ́ yẹn dúró ni àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀: ilé iṣẹ́ náà ní òun ò rí i, ògbógi tí àwọn olùpẹ̀jọ́ gbà sì yọ ọ́ jáde.

Ẹ̀bi tiyín náà máa wọ ìṣirò. Bí àdánù yín bá jẹ́ $200,000, tí wọ́n ní ẹ jẹ̀bi ìdá 30, California máa fún yín ní $140,000, kódà bí ẹ̀bi yín bá tó ìdá 90, ẹ ṣì máa rí ìdá 10 gbà. Ní Texas àti Florida, bó bá ti ju ìdá 50 lọ, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Alabama, Maryland, North Carolina àti Virginia ló le jù: ẹ̀bi tó kéré jù lọ lè gba gbogbo owó lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹnu lójú títì fi léwu.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ wo àdéhùn tẹ́ ẹ tẹ̀ lórí áàpù

Ọ̀pọ̀ áàpù ló ní gbólóhùn kan pé aáwọ̀ á lọ síwájú onílàjà tí kì í ṣe adájọ́, láìsí júrì. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Massachusetts fọwọ́ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní oṣù kẹfà 2024 nínú ẹjọ́ èrò Uber kan tí ìjàǹbá sọ di arọ. Lọ́dún kan náà, ní New Jersey, ilé ẹjọ́ ní tọkọtaya kan kò lè pe Uber síwájú júrì torí pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pé àwọn gbà lórí Uber Eats, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ọmọ àwọn ló tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń ra oúnjẹ. Lẹ́yìn ìjàǹbá, bí áàpù bá gbé àdéhùn tuntun wá síwájú yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kí lọ́yà tó rí i. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tàbí tó wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀ sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ èyí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: gbèdéke, lọ́yà, àti ìwé tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí

California àti Texas fún yín ní ọdún 2 láti pe ẹjọ́ ìfarapa. Florida ti dín tirẹ̀ kù sí ọdún 2 láti 2023. New York jẹ́ 3, Tennessee jẹ́ 1 péré. Bó bá kan ọkọ̀ ìjọba tàbí títì tí ìjọba kò tún ṣe, California fún yín ní oṣù 6 láti kọ́kọ́ kọ̀wé sí wọn.

Ọ̀pọ̀ lọ́yà ìjàǹbá kì í gba owó ṣáájú. Wọ́n ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ohun tẹ́ ẹ bá rí. Ẹ bi í bóyá ó ti gba àkọsílẹ̀ áàpù tàbí ti sọ́fítíwíà rí, àti ta ló máa san owó ògbógi bí ẹ bá pàdánù ẹjọ́. Bí kò bá lè dáhùn èyí, ẹ lọ bá òmíràn.

Òṣìṣẹ́ onínṣọ́ránsì á pè yín kíá, ohùn rẹ̀ á tutù. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ jẹ́ kó gba ohùn yín sílẹ̀ bó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ìwé tó máa bá sọ́wédowó náà wá ń sọ pé ẹ ò ní béèrè nǹkan mìíràn mọ́ láé. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ béèrè ní kíkọ sílẹ̀ pé ta ni ìwé náà dá sílẹ̀: awakọ̀ nìkan, àbí ilé iṣẹ́ áàpù àti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà wà níbẹ̀? Ẹ béèrè iye tí ìnṣọ́ránsì ìlera yín máa gbà padà nínú owó náà. Ẹ sì bi dókítà yín bóyá ara yín ti dé ibi tó máa dé, torí iṣẹ́ abẹ tó bá yọjú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i, àpò yín ló máa ti jáde.